Ta ló ń gbin ewé inú tánkì ẹja fún títà? Ẹ wá gbà wá nímọ̀ràn

ỌmọÌbàdàn_Tánkì:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ẹja ọ̀ṣọ́ ni mò ń tà, guppy, molly, goldfish, àwọn tí kì í fúnni ní wàhálà. Tẹ́lẹ̀, ewé rọ́bà làwọn oníbàárà ń rà sínú tánkì, àmọ́ fídíò tí wọ́n ń wò lórí fóònù ti yí wọn lórí, ewé gidi ni wọ́n ń béèrè báyìí. Èyí tí mò ń rà láti Èkó, kó tó dé Ìbàdàn apá kan á ti jẹrà, èyí tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí í ju ewé sílẹ̀ tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, oníbàárà á gbé e padà wá, á ní ayédèrú ni. Mo ní ẹ̀yìnkùlé, mo ní kànga, iná ìjọba ò dúró ládùúgbò wa rárá. Ṣé mo lè máa gbìn ín fúnra mi? Kí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ sọ pé kí n lọ ra sílíńdà CO2, afẹ́fẹ́ tí ewé ń lò láti dàgbà, kó fowó ẹ̀ ránṣẹ́ o.

Ẹlẹ́jaAlágbàlá:
Ẹ̀rín pa mí lórí sílíńdà yẹn. O ò nílò ẹ̀, àbúrò. Ohun tí mo fẹ́ kó yé ẹ kó tó di nǹkan míì ni pé má gbin ewé tánkì sínú omi. Mo mọ̀ pé ó ń dún bí àwàdà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ewé yìí, etí odò ni ilé wọn, òjò á dé omi á bò wọ́n, ẹ̀ẹ̀rùn á dé omi á fà wọ́n á tún yọrí síta, kò sí èyí tí wọn ò mọ̀ nínú méjèèjì. Àwọn tó ń gbìn ín tà káàkiri ayé, bíi Tropica ní Denmark tó ti wà lẹ́nu ẹ̀ láti 1970, orí tábìlì nínú ilé onígíláàsì ni wọ́n ń gbin èyí tó pọ̀ jù sí, gbòǹgbò nìkan ló ń mu omi, ewé wà nínú afẹ́fẹ́. CO2 tí wọ́n ní ká fi sílíńdà fẹ́ sínú omi, ọ̀fẹ́ ló wà níta. Oòrùn náà, ọ̀fẹ́ ni, o ò ní máa retí NEPA. Algae, nǹkan yíyọ̀ aláwọ̀ ewé tó ń hù nínú omi, ò sì ráàyè bo ewé tí kò sí nínú omi. Á yára dàgbà ju ti inú tánkì lọ fíìfíì.

Ewé tí wọ́n ń dá padà fún ẹ yẹn kì í ṣe ayédèrú o. Ewé tó hù nínú afẹ́fẹ́ máa ń nípọn, ó ní nǹkan bí ìda lára tí kì í jẹ́ kó gbẹ, tí o bá wá rì í sómi lójijì kò lè mí dáadáa, á yòrò dànù, ewé tuntun tó fẹ́lẹ́, tí omi bá lára mu, á wá hù láti ìdí. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lè gba mẹ́fà. Sọ fún oníbàárà kó tó sanwó, má dúró dìgbà tó bá fi ìbínú dé. Tàbí kó o ya tánkì kan sọ́tọ̀, máa rì wọ́n síbẹ̀ fún bí oṣù kan kó o tó tà wọ́n, kó o sì gbówó lé e, torí pé ìwọ lo ti bá a fara da yíyòrò yẹn.

ỌmọÌbàdàn_Tánkì:
Háà. Ọjọ́ gbogbo tí mo ti ń bá àwọn ará Èkó jà lórí fóònù. Ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n. Ṣé gbogbo ewé ni?

Ẹlẹ́jaAlágbàlá:
Rárá o. Vallisneria, inú omi ni kó o fi í sí, tí o bá gbé e síta á kú. Hornwort náà, kò tiẹ̀ ní gbòǹgbò, ó kàn ń léfòó ni, jù ú sínú bọ́ọ̀lù omi kan níbi tí oòrùn ti ń wọlé, kó o máa fà á já tà. Àwọn tó ṣe é gbìn síta ni Anubias, Amazon sword, Cryptocoryne, Ludwigia, Hygrophila, Rotala, Bolbitis.

MàmáBọ́lá_Abk:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀, jẹ́ n sọ bá a ṣe ń ṣe é fún ẹni tí kò ní ilé onígíláàsì. Wá ike ìfọṣọ tó tẹ́jú, tàbí kó o la gáráwá sí méjì ní ìbú. Da òkúta wẹ́wẹ́ tí o ti fọ̀ sí i. Wá àwọn ife oníke, èyí tí wọ́n fi mu mínírà níbi òde tán náà dáa, lu ihò sí i nídìí àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nǹkan tí wàá kó sínú ife ni èèpo àgbọn tí o gé wẹ́wẹ́ pẹ̀lú yanrìn odò díẹ̀. Kí o tó lo èèpo àgbọn yẹn o, rẹ ẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí o máa pààrọ̀ omi ẹ̀, torí iyọ̀ máa ń wà nínú ẹ̀, tí o ò bá fọ iyọ̀ yẹn kúrò, etí ewé á máa jó, wàá rò pé àìsàn ni. Ri àwọn ife yẹn sáàárín òkúta, da omi sí i kó dé bí ìdajì ife. Omi ò gbọdọ̀ bo òkúta mọ́lẹ̀. Ìdí ẹ̀ ni ẹ̀fọn. Ẹ̀fọn ń wá ojú omi tó ṣí sílẹ̀ láti yé sí, tó bá jẹ́ òkúta gbígbẹ ló bá lókè á bá tiẹ̀ lọ. Mo ní ọmọ kékeré nílé, mi ò lè máa sin ẹ̀fọn nítorí owó ewé.

Ibòji ńkọ́? Imọ̀ ọ̀pẹ la fi ń bo tèmi, ẹlòmíràn ń lo nẹ́ẹ̀tì dúdú yẹn. Anubias àti Bolbitis fẹ́ ibòji gan-an, oòrùn ọ̀sán tààrà á sun wọ́n. Ludwigia àti Rotala lè gba oòrùn jù bẹ́ẹ̀, òun ló tiẹ̀ ń mú kí ewé wọn pupa.

Ajílẹ̀: bí ẹ bá mọ ẹni tó ń sin ẹja àrọ̀, omi tí wọ́n ń dà nù nínú pọ́ọ̀nù yẹn, wúrà ni. Ẹ bu ún, ẹ fi omi mímọ́ là á, ẹ máa fi bomi rin ín. Bí kò bá sí, NPK tí wọ́n ń tà fún àgbàdo náà ṣe é lò, ṣíbí tíì kan sínú omi lítà 10, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjìméjì, kí ẹ fi omi lásán ṣàn án lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kó má baà kó jọ. NPK ò gbọdọ̀ dé inú tánkì tí ẹja wà o! Ammonia inú ẹ̀ á pa ẹja kí ilẹ̀ tó mọ́.

Tọ́lá_Mainland:
Màmá, omi ẹja àrọ̀ kẹ̀? Àwọn aráalé ò ní lé yín jáde bí? 😂

MàmáBọ́lá_Abk:
Tó bá ti wọ òkúta tán kì í rùn mọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé e dé nìkan ni kí ẹ máa bẹ àwọn alájọgbélé.

Sẹ́gunEléwé:
Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Gbogbo wa ń sáré lẹ́yìn Rotala àti àwọn ewé Éṣíà tí iná wọn pọ̀, ewé tiwa ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀. Anubias barteri, igbó tiwa ni, láti apá Cross River wọ Kamẹrúùnù dé Gabon. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ ọ́, Charles Barter, ó bá ikọ̀ Baikie, òyìnbó tó ń ṣàwárí ilẹ̀, rin odò Ọya, Rabba ló kú sí ní 1859. Báyìí, àwa tí ewé wà nílé wa, ọwọ́ àwọn ará Éṣíà àti Yúróòpù la tún ti ń rà á padà nínú ife kékeré. Inú máa ń bí mi sí i.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ fi Anubias bẹ̀rẹ̀: kò bèèrè iná púpọ̀, ẹja tó ń jẹ ewé kì í fẹ́ ẹ torí ó le, ó lè gbé nínú tánkì ẹni tí kò mọ nǹkan kan, nítorí náà oníbàárà ò ní dá a padà. Ó lọ́ra o, mi ò purọ́ fún yín, ewé kan lóṣù nígbà míì. Ìlọ́ra yẹn náà ló ń jẹ́ kí owó ẹ̀ dúró, ewé tó bá ń hù wàìwàì, oṣù mẹ́ta sí i gbogbo àdúgbò ti ní in, kò sẹ́ni tó máa ra tiyín mọ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa pín in: ìdí ẹ̀ tó sùn sílẹ̀ bí ata ilẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń pè ní rhizome, ni ẹ máa gé. Ẹ jẹ́ kó ní ewé bíi mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, kẹ́ ẹ fi bíléèdì tuntun tí ẹ ti fi sípírítì nù gé e sí méjì, kí ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbòǹgbò ni kẹ́ ẹ rì mọ́lẹ̀, ẹ má bo rhizome. Tí ẹ bá bò ó á rà. Ẹ máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá rọ̀ tó ń rùn, ẹ gé e kúrò títí dé ibi tó le, tí inú ẹ̀ mọ́, ẹ sọ ìyókù nù jìnnà sí àwọn tó kù torí ó máa ń ràn.

Ẹ̀ẹ̀kejì, òṣíbàtà. Èyí tí òyìnbó ń pè ní tiger lotus, tí ewé ẹ̀ pupa tó ní àmì tótòtó, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ti wá. Òun ò ṣe é gbìn síta o, inú omi ni. Iṣu ìdí ẹ̀ ni wọ́n ń tà. Kẹ́ ẹ gbé iṣu náà lé orí yanrìn, ẹ má rì í tán. Ewé tó bá ti ń sáré lọ sókè omi, ẹ gé e kó tó dé òkè, tí ẹ bá ń gé e bẹ́ẹ̀ á máa yọ ewé pupa nísàlẹ̀, ìyẹn gan-an ni oníbàárà fẹ́ wò. Tí ẹ bá gbàgbé, á bo gbogbo tánkì mọ́lẹ̀, àwọn ewé ìsàlẹ̀ á sì pòórá. Òmíràn tún wà nínú ẹbí ẹ̀, Nymphaea micrantha, tiwa náà ni, àárín ewé ẹ̀ níbẹ̀ yẹn ló ti ń bímọ, ẹ kàn máa já àwọn ọmọ tà ni.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ kó Anubias nínú igbó Cross River, ẹ má wọ inú national park o, kò bófin mu, ó sì ń pa wọ́n run. Ìdí kan ṣoṣo lẹ nílò, ọwọ́ ẹni tó ń gbìn ín ni kẹ́ ẹ ti rà á. Ọdún kan kẹ́ ẹ fi fọkàn balẹ̀, ẹ ò ní ra òmíràn mọ́.

BàbáỌ̀sà:
Kí lẹ wá ń dá ara yín lágara fún? Ojúoró kún ọ̀sà Èkó, gbéborùn (water hyacinth) náà ò ṣe é kà. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ gbé e fún àwọn tó ń ta ẹja, ẹ tún lè kó o ránṣẹ́ sí òkè òkun.

Sẹ́gunEléwé:
Baba mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè òkun kọ́ lẹ máa kó ìyẹn lọ. Gbéborùn ti wọ inú omi wa láti àwọn ọdún 1980, títí dòní ó ṣì ń dí ọkọ̀ ojú omi lọ́nà. Yúróòpù ti fòfin dè é láti 2016, wọ́n fi ojúoró kún un ní 2022, ẹni tó bá tà á níbẹ̀ ti rúfin. Tó bá jẹ́ ilé wa níbí, ojúoró dáa fún guppy tó ń bímọ torí gbòǹgbò ẹ̀ ń fi àwọn ọmọ pamọ́, ẹ lè máa tà á, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kó bọ́ sínú kọ̀tà, ibi tó bá dé kò ní kúrò.

Adé_Houston:
Mo ń bẹ ní Texas. Níbí, ojúoró àti gbéborùn méjèèjì wà lára ohun tí òfin kà léèwọ̀, kódà nínú ìkòkò ẹ̀yìnkùlé rẹ. Ẹ má ránṣẹ́ sí mi o, mo ti rí i pé ẹ̀gbọ́n mi ń ka thread yìí 😅

Nọ́ọ̀sìTitì:
Mo fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ẹsẹ̀ lásán wọ odò láti lọ kó ewé, àtọ̀sí ajá wà nínú omi o. Ìṣáwùrú kéékèèké inú odò ló ń gbé kòkòrò ẹ̀, á gba awọ ara wọlé, ẹ ò ní mọ̀ títí ìtọ̀ á fi máa yọ ẹ̀jẹ̀. Bàtà rọ́bà tó dé itan, kẹ́ ẹ sì fi táwẹ́lì nu ara gbẹ kíákíá tí ẹ bá jáde. Tí ẹ bá ti ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ lọ sí ọsibítù, oògùn ẹ̀ wà, praziquantel ni.

ỌmọÌbàdàn_Tánkì:
Ẹ ṣé o nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ ìṣáwùrú yẹn, òun náà wà lára ohun tí wọ́n ń bá mi jà sí. Ẹnì kan ra ewé lọ́wọ́ mi, ó ní oṣù kan sí i tánkì òun ti kún fún ìṣáwùrú.

Ẹlẹ́jaAlágbàlá:
Èyí tó o bá gbìn síta láti ìbẹ̀rẹ̀, ìṣáwùrú inú omi kì í sábà sí lára ẹ̀. Èyí tó o bá rà wọlé láti ibòmíràn ni kó o wẹ̀. Bílíìṣì lásán tí kò ní òórùn lófínńdà, ìwọ̀n kan sí omi ìwọ̀n mọ́kàndínlógún, rì í fún ìṣẹ́jú méjì péré, yọ ọ́, fọ̀ ọ́ dáadáa lábẹ́ omi tó ń ṣàn, wá rẹ ẹ́ sínú omi tó o ti fi oògùn tó ń pa chlorine sí. Anubias lè gbà á. Má dán an wò lára mọ́ọ̀sì (ewé wẹ́wẹ́ tó ń lẹ̀ mọ́ òkúta àti igi), Vallisneria tàbí hornwort, wọn ò ní yè é.

Ó tún ku nǹkan kan tó ṣe pàtàkì ju ìṣáwùrú lọ lójú tèmi. Èyí tí ẹ bá gbìn síta, kòkòrò á wá jẹ ẹ́, tata, ìgbín, àwọn kòkòrò funfun wẹ́wẹ́. Ẹ má fọ́n oògùn apakòkòrò sí i! Ẹ má sì fọ́n oògùn olú tó ní copper. Àwọn tó ń sin edé kéékèèké nínú tánkì, oògùn tó ṣẹ́kù lára ewé máa ń pa gbogbo edé wọn láàárín òru. Ẹja lè fara dà á nígbà míì, edé ò lè dà á rárá. Ọṣẹ dúdú tó ṣàn díẹ̀ nínú omi, kẹ́ ẹ fi fọ abẹ́ ewé, kẹ́ ẹ wá ṣàn án nù dáadáa, tàbí kẹ́ ẹ rì gbogbo ife náà sómi fún wákàtí mélòó kan, kòkòrò á rì. Ìyẹn ni àǹfààní ewé tó mọ omi, ata àti tòmátì ò lè fara da irú ìyà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn elédé bá mọ̀ pé ewé yín ò ní oògùn, ẹ ò ní nílò ìpolówó mọ́, wọ́n á máa júwe yín fún ara wọn.

Kọ́láLab:
Mo ń ka gbogbo yín. Ẹ̀yin ò tíì mẹ́nu ba tissue culture, ìyẹn kéèyàn gé ara ewé bíńtín kó sì gbìn ín sínú ife tí kòkòrò kankan ò wọ̀. Ibẹ̀ ni ayé ń lọ báyìí, ewé inú ife tó ti sé pa, kò ní ìṣáwùrú, kò ní algae, kò ní oògùn. Ìlànà Murashige àti Skoog tó ti wà láti 1962 náà ni wọ́n ń lò, agar, ṣúgà, iyọ̀ oríṣiríṣi, pẹ̀lú hormone kékeré tó ń mú kó yọ ẹ̀ka. Nínú Ìbàdàn níbí, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ yẹn, ń ṣe é fún iṣu àti ẹ̀gẹ́, kì í ṣe idán.

Ẹlẹ́jaAlágbàlá:
Kọ́lá, òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tí iná ò dúró fún ládùúgbò? Ẹ̀rọ amúlétutù nínú yàrá, iná wákàtí mẹ́rìndínlógún lójúmọ́, ibi iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ mọ́.

Kọ́láLab:
Pressure cooker lè ṣe iṣẹ́ autoclave, ẹ̀rọ tó ń fi ooru pa kòkòrò, 121°C fún bí ìṣẹ́jú 20. Àpótí onígíláàsì tí a lu ihò ọwọ́ sí lè ṣe ibi iṣẹ́. Iná sólà kékeré tó fún LED. Mo ti rí ẹni tó ń ṣe é nínú yàrá ìgbàlejò ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbà pẹ̀lú yín pé kì í ṣe ibi tí alábẹ̀rẹ̀ máa gbà wọlé, tí olú bá wọ ife kan wàá da odidi iṣẹ́ oṣù kan nù. Kó kọ́kọ́ mọ bí ewé ṣe ń gbé lórí òkúta ná.

MàmáBọ́lá_Abk:
Ọyẹ́ ń bọ̀ o. Ẹ tẹ igi wẹ́wẹ́ kọdọrọ sórí ike yín, ẹ fi ọ̀rá funfun bò ó kí ọ̀rinrin má jáde. Tí ọyẹ́ bá lọ, ẹ má ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ máa ṣí etí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ewé á rọ lójú yín. Tí ẹ bá wà l'Ékòó, ọyẹ́ yín ò tó tiwa, ooru ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́, ọ̀rá lábẹ́ oòrùn Èkó lè se ewé jinná.

ỌmọÌbàdàn_Tánkì:
Tí mo bá wá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà ní Èkó tàbí Òṣogbo ńkọ́? Inú omi ni àwọn tí mò ń rà lọ́wọ́ wọn máa ń dì í sí.

Ẹlẹ́jaAlágbàlá:
Ìdí tó fi ń jẹrà nìyẹn. Omi inú ọ̀rá á gbóná nínú bọ́ọ̀sì, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á tán, ewé á sè. Fi ìwé ìròyìn tó tutù, tí o ti fún omi ẹ̀ kúrò, wé gbòǹgbò, kó ewé sínú ọ̀rá, fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kó wú, so ó. To ó sínú páálí tí o ti tẹ́ fóòmù sí, tàbí kúlà tí wọ́n fi ń ta áísìkíríìmù. Bọ́ọ̀sì àárọ̀ kùtù ni kó bá lọ. Anubias á lo ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún nínú ìdì bẹ́ẹ̀ láìmira. Kọ orúkọ ewé sí i lára, kọ "lè yòrò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́" sí i, wàá sinmi nínú fóònù ìbínú.

Táíwò_Peckham:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n sọ ti ibí. Òwò ewé tánkì tà ní London gan-an, àwọn tó ń fẹ́ tánkì tó jọ odò Áfíríkà ń wá Anubias àti Bolbitis. Ṣùgbọ́n ẹ má kó ewé sínú báàgì arìnrìn-àjò kankan. Ìwé ẹ̀rí ìlera ewéko lẹ máa kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ ewéko wò, kó tó kúrò ní Nàìjíríà, bí kò bá sí ìwé yẹn, wọ́n á gbà á ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n á sun ún. Wọ́n sì máa wo gbòǹgbò, iyẹ̀pẹ̀ ò gbọdọ̀ sí lára ẹ̀. Àǹfààní òkúta àti èèpo àgbọn tí Màmá ń lò nìyẹn, ó rọrùn láti fọ̀ mọ́. Ẹni tí kò tíì máa ta ọgọ́rùn-ún nílé kó má tíì ronú òkè òkun, owó ọkọ̀ òfurufú á jẹ èrè ẹ̀ tán.

ỌmọÌbàdàn_Tánkì:
Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ gbogbo yín. Anubias ni màá fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú òṣíbàtà díẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: omi kànga mi máa ń ru pupa tó bá dúró mọ́jú. Àti pé ta ló ní mọ́ọ̀sì nítòsí Ìbàdàn?

Sẹ́gunEléwé:
Irin ló wà nínú omi yẹn. Ewé tiẹ̀ fẹ́ irin díẹ̀, kò léwu fún ewé ìta, àmọ́ fún tánkì òṣíbàtà, fa omi náà sínú dúróòmù, fi ife máa bù ú dà padà kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́, jẹ́ kó dúró mọ́jú, ti òkè nìkan ni kó o bù. Omi òjò ló tiẹ̀ dáa jù nígbà òjò.

Tọ́lá_Mainland:
Mọ́ọ̀sì wà lọ́dọ̀ mi, àmọ́ Yaba ni mo wà, mo sì ní láti sọ òótọ́, ìṣáwùrú wà nínú ẹ̀.

Ẹlẹ́jaAlágbàlá:
Gbà á bẹ́ẹ̀, àbúrò. Bílíìṣì á pa mọ́ọ̀sì, álọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mú omi tòrò ni kó o lò. Ṣíbí ìjẹun kan sínú omi lítà mẹ́rin, rẹ ẹ́ fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán, fọ̀ ọ́, wá fi sínú bọ́ọ̀lù kan lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó o máa wò ó. Tí ọmọ ìṣáwùrú bá tún yọ, ẹyin ló kù lára ẹ̀, tún un ṣe. Tọ́lá, tí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ìwé ìròyìn tó tutù ni o, má da omi sí i.